Ṣé kí ọmọ mi gba Computer Science n'Ílọrin, àbí kó dúró de Cyber Security?

Ìyá Ọmọge, Òkè-Òdò:

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Wọ́n ti fún ọmọ mi obìnrin ní Computer Science ní Unilorin. Ó ti jáde lórí CAPS ti JAMB, ó ku ká gbà á tàbí ká kọ̀ ọ́. Ọmọ ní òun ò gbà. Cyber Security, ìyẹn ẹ̀kọ́ ààbò kọ̀ǹpútà, lòun fẹ́ kà, òun á tún JAMB ṣe lọ́dún tó ń bọ̀ kóun lè lọ sí FUT Minna. Bàbá ẹ̀ ní iṣẹ́ yàhúù ni wọ́n fẹ́ fowó òun kọ́ ọmọ òun. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà l'Ékòó ní kò tiẹ̀ sídìí fún yunifásítì, kó lọ gba sátífíkéètì mẹ́ta mẹ́rin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dọ́là ni yóò máa gbà. Ọ̀rọ̀ ti dàrú mọ́ mi lójú. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú àwọn mẹ́ta yìí?

*

Ọmọ Pàkátà:

Ẹ má gbọ́ ti ẹnì kankan nínú wọn. Kí ọmọ gba admíṣọ̀n yẹn lónìí, ká tó wá jókòó jiyàn.

Computer Science lèmi náà kà n'Ílọrin níbí, iṣẹ́ ààbò sì ni mo ń ṣe látìgbà tí mo ti parí àgùnbánirọ̀. Ẹni tó bá máa ṣọ́ nǹkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí nǹkan ọ̀hún ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń to dátà pa mọ́, bí ẹ̀rọ ṣe ń mọ̀ pé lágbájá láṣẹ láti ṣí fáìlì kan tí tàmẹ̀dò ò ní, gbogbo ìyẹn wà nínú Computer Science. Ìlànà ẹ̀kọ́ tí NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, gbé jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní CCMAS, abẹ́ Computing kan náà ló to Computer Science, Cybersecurity, Software Engineering àti àwọn yòókù wọn sí. NUC fúnra ẹ̀ ló ń ṣètò ìdá 70 nínú 100 ohun tí wọ́n máa kọ́ ọmọ, ilé-ìwé á fi ìdá 30 tiẹ̀ kún un. Ní ọdún kìíní, ìṣirò, físíìsì, kóòdù kíkọ àti àwọn GST tí gbogbo ayé ń ṣe ló máa bá níbi méjèèjì.

FUT Minna dára o. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ní ẹ̀ka Cyber Security Science, ṣáájú kí ọ̀pọ̀ yunifásítì tó gbọ́ orúkọ ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti fún un níbẹ̀ ni, mi ò ní ní kó má lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́wọ́ ló ń fẹ́ jù sílẹ̀ nítorí èyí tí JAMB ò tíì ṣèlérí fún un. Tí máàkì ọdún tó ń bọ̀ bá wá kéré sí tọdún yìí ńkọ́?

*

Ọmọ Kọ̀ǹpútà:

Ẹ̀gbọ́n, mi ò gbà fún yín. Mo wà ní 300 level Computer Science ní ilé-ìwé kan tí mi ò ní dárúkọ. Orí bọ́ọ̀dù ni lẹ́kúrà ń kọ kóòdù Java sí, àwa náà ń dà á kọ sínú ìwé. Ìdánwò ẹ̀ gan-an, bírò la fi kọ ọ́. Mi ò tíì fojú kan sáfà, ẹ̀rọ tó ń tọ́jú dátà fáwọn kọ̀ǹpútà yòókù, rí láyé mi. Ẹ jẹ́ kọ́mọ lọ síbi tí wọ́n á ti kọ́ ọ ní ohun tó fẹ́.

*

Ọmọ Pàkátà:

Ohun tó o sọ ò jọ mí lójú, irú ẹ̀ ṣojú mi. Àmọ́ ta ló sọ fún ẹ pé wọn ò ní fi bírò kọ ìdánwò Cyber Security? Bí ilé-ìwé ò bá lówó láti ra ẹ̀rọ, tàbí tí lẹ́kúrà ò bá fọwọ́ kan iṣẹ́ ọ̀hún rí, orúkọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ka ò lè tún un ṣe. Ohun tó yẹ kí ìyá wa béèrè kí wọ́n tó sanwó ilé-ìwé níbikíbi ni pé: yàrá kọ̀ǹpútà wọn dà, ta ló ń kọ́ wọn ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, níbo làwọn ọmọ ọdún tó kọjá ti ṣe SIWES, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ ṣe níta ilé-ìwé? Oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi ń ṣe SIWES yẹn, mo ti rí ọmọ tó lò ó tán nídìí ẹ̀rọ fọtokópì. Mo ti rí èyí tó lò ó ní iléeṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń gun òpó, tó ń tún ráúta ṣe. Èkejì ló ríṣẹ́ kíákíá.

Kíláàsì kan náà ni mo ti rí àwọn méjèèjì o.

*

Àlááfà Àgbà:

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ máa tan ara yín. Àwọn àgbà ní olè ló mọ ẹsẹ̀ olè í tọ̀ lórí àpáta. Ẹni tí wọ́n bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń já ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ni yóò máa já. Bàbá ọmọ ò jẹ̀bi. Ẹ wo àwọn tí EFCC ń kó n'Ílọrin yìí lójoojúmọ́, ṣé àwọn yẹn ò mọ kọ̀ǹpútà ni?

*

Ọmọ Pàkátà:

Àlááfà, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n mo fẹ́ jà yín níyàn díẹ̀.

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí EFCC ń kó ò mọ kọ̀ǹpútà ju bí wọ́n ṣe ń tẹ WhatsApp lọ. Èèyàn ni wọ́n mọ̀. Wọ́n mọ obìnrin tó dá wà, wọ́n mọ bàbá tó ń wá ọ̀nà àtilọ sí Kánádà, wọ́n mọ irọ́ tó máa wọ̀ wọ́n létí. Gbájúẹ̀ tó wà láyé kí iná tó dé Ìlọrin náà ni, fóònù ló gbé dání báyìí. Ẹ mú ọ̀kan nínú wọn, ẹ ní kó ṣàlàyé fún yín bí páswọ́ọ̀dù ṣe ń wà nínú sáfà, ẹ máa rí i bó ṣe máa fọwọ́ họrí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ fún bàbá ẹ̀ lọ́nà tó máa yé e. Ẹ rántí alájọ tó ń gba owó lọ́jà Ìpàtà. Nǹkan mẹ́ta lẹ ń retí lọ́wọ́ ìwé alájọ. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ mọ iye tẹ́ ẹ dá. Ẹnikẹ́ni, títí kan alájọ fúnra ẹ̀, ò gbọ́dọ̀ sọ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá yín di ẹgbẹ̀rún kan. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kó owó, ìwé gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kó má jẹ́ pé eku ti jẹ ẹ́. Mẹ́ta yẹn ni gbogbo ẹ̀kọ́ yìí rọ̀ mọ́ láti 100 level títí dé àṣejáde. Bí ọ̀kan nínú ẹ̀ bá bọ́ lọ́wọ́ báńkì, ẹ̀yin àtèmi la máa gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ ọ̀hún gan-an ò dùn bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú fíìmù. Mo ń ka àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ ń ṣe fúnra ẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà, mo ń wá ẹyọ kan tí kò jọ tàwọn yòókù. Mo ń béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá pé òṣìṣẹ́ tó ti kúrò láti ọdún tó kọjá, kí ló dé tí páswọ́ọ̀dù ẹ̀ ṣì ń ṣílẹ̀kùn? Ọ̀gá á ní òun ti gbàgbé. Mo máa kọ ọ́ sílẹ̀, mo máa tún un béèrè lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó ń wá owó òjijì ò lè ṣe é pẹ́.

*

Ìyá Ìpàtà:

Ẹ dárí jì mí pé mo já lu ọ̀rọ̀. Ẹnì kan pè mí, ó ní báńkì lòun ti ń pè, ó dárúkọ mi, ó dárúkọ bàbá mi, ó tiẹ̀ mọ BVN mi. Ó ní kí n ka nọ́ńbà mẹ́fà tó wọlé sórí fóònù mi fóun. Mo kà á. Owó ọjà tán pátápátá. Ṣé àwọn tẹ́ ẹ ń sọ yìí, ṣé wọ́n lè bá mi gbà á padà?

*

Ọmọ Pàkátà:

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Ẹ pe nọ́ńbà báńkì yín tó wà lẹ́yìn káàdì, kì í ṣe èyí tó pè yín, kí wọ́n ti àkáǹtì náà. Ẹ lọ sí báńkì fúnra yín, ẹ kọ ẹ̀sùn sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì gba ẹ̀dà kan tí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́. Ẹ ṣe é lónìí, torí bí owó bá ti kúrò nínú àkáǹtì tí wọ́n fi gbà á, ó ti di ọ̀ràn míì nìyẹn. Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ló jẹ́ kọ́kọ́rọ́, òṣìṣẹ́ báńkì gidi ò ní bi yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kù, ẹ wò ó. Kò sẹ́ni tó já ẹ̀rọ báńkì. Ìyá ni wọ́n já. Apá tó tóbi ni èyí nínú ẹ̀kọ́ ààbò, ibẹ̀ sì làwọn ọmọ tó kúndùn kóòdù máa ń sáré fò kọjá.

*

Ọmọ Tankẹ́:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Nínú pọ́tà ilé-ìwé wa, tí mo bá yí nọ́ńbà tó wà nípẹ̀kun líǹkì padà, èsì ìdánwò ẹlòmíì ló máa gbé wá. Mo ti wo tàwọn ọ̀rẹ́ mi mélòó kan. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n gbé e sórí Twitter kójú lè ti wọ́n, wọ́n á tún un ṣe kíákíá. Ṣé kí n gbé e síbẹ̀?

*

Ọmọ Pàkátà:

Dúró. Má yí nọ́ńbà kankan mọ́. Èsì ọ̀rẹ́ ẹ tó o wò yẹn, o ò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnì kan kó o tó wò ó. Òfin Cybercrimes ti 2015, tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2024, ẹ̀wọ̀n wà nínú ẹ̀ fún ẹni tó bá wọ ẹ̀rọ onílé láìgbàṣẹ. "Mo kàn ń dán an wò ni" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ọlọ́pàá máa ń gbà wọlé.

Ní 1988, ọmọ ilé-ìwé kan ní Cornell l'Amẹ́ríkà, Robert Tappan Morris, kọ ètò kékeré kan tó ń fúnra ẹ̀ kó láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Ó lóun ò fẹ́ ba nǹkan jẹ́. Ètò náà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà dúró. Ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi: ọdún mẹ́ta lábẹ́ ìṣọ́, iṣẹ́ ìlú fún wákàtí 400, àti owó ìtanràn tó lé ní 10,000 dọ́là. Òun náà padà di ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì MIT. Ṣùgbọ́n nígbà tọ́ràn náà ṣẹlẹ̀, bàbá ẹ̀ gan-an wà lára àwọn ọ̀gá ààbò kọ̀ǹpútà ní NSA, àjọ amí ìjọba Amẹ́ríkà. Ìwọ ńkọ́, ta ni bàbá ẹ?

Ohun tó o máa ṣe rèé. Kọ ìwé kúkurú sí ẹni tó ń bójú tó pọ́tà. Sọ ojú ewé tí àbùkù náà wà, sọ ohun tó o ṣe tó fi hàn ọ́, má fi èsì ẹnikẹ́ni há a. Bó o bá ní lẹ́kúrà kan tó o fọkàn tán, jẹ́ kó mọ̀, kó bá ẹ fọwọ́ sí i. Ọ̀rẹ́ ẹ tó ní kó o gbé e sórí Twitter, bí wọ́n bá dé, kò ní sí nítòsí.

*

Ọmọ Kọ̀ǹpútà:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń dáàbò bo ilé-ìwé jù. Tí wọn ò bá dá a lóhùn ńkọ́? Oṣù mẹ́ta, mẹ́fà, èsì gbogbo wa á wà níta? Òfin kan náà wà fáwọn tó ń tọ́jú dátà wa pẹ̀lú.

*

Ọmọ Pàkátà:

O sòótọ́ níbẹ̀, mi ò lè jà ọ́ níyàn. Òfin Dátà ti 2023 wà, àjọ NDPC ló ń bójú tó o, ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ bá sì kàn lè mú ẹ̀sùn lọ bá wọn. Bí wọn ò bá dáhùn, ọ̀nà ibẹ̀ ni kó gbà. Ṣùgbọ́n kó tó débẹ̀, kó ní ìwé tó fi hàn pé òun ti sọ fún wọn.

Òfin yìí kan náà ló dáhùn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tẹ́nì kan fi ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀.

*

Ọmọ Pàkátà *(lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́)*:

Ẹni tó kọ̀wé sí mi ní òun ti gba ND Computer Science, POS lòun ń ṣe nísàlẹ̀ Taiwo báyìí, pé ta ló máa gba ọmọ tó kọ́ ààbò síṣẹ́ n'Ílọrin?

Mi ò ní purọ́ fún yín, owó Èkó ò sí níbí. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí mò ń gbà, ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó wà l'Ékòó ló ti ń wá, ilé ni mo ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ ka iye báńkì kékeré, àjọ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ilé-ìwòsàn àti ilé-ìwé aládàáni tó wà láti Ìlọrin dé Ọ̀fà, dé Òmù-Àrán. Gbogbo wọn ló ń tọ́jú orúkọ, àìsàn, owó àti fọ́tò èèyàn. Òfin 2023 yẹn ní bí dátà tó lè kó bá èèyàn bá jò, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún NDPC láàárín wákàtí 72. Àwọn tí dátà ọwọ́ wọn pọ̀ dé ìwọ̀n kan gbọ́dọ̀ ní òṣìṣẹ́ kan tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ ààbò dátà. Púpọ̀ nínú wọn ò tíì ní. Mo dé ilé-ìwé kan báyìí, páswọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń tẹ máàkì wọlé, wọ́n kọ ọ́ sórí bébà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú kọ̀ǹpútà. Wọ́n tiẹ̀ fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ kó lè hàn dáadáa.

Ẹni tó ti ní ND má jókòó sídìí POS kó máa kẹ́dùn. Bí máàkì ẹ̀ bá dára, Direct Entry á gbé e wọ 200 level tààrà. Àwọn tó jáde ní Pọ́lì Ọ̀fà ń gba ọ̀nà yìí, ọwọ́ wọn sì máa ń yá nídìí iṣẹ́ ju tàwọn tó gba JAMB wọlé.

*

Ẹ̀gbọ́n Èkó:

Èmi ni àbúrò tí wọ́n ń sọ. Ẹ ń fi ọdún mẹ́rin ọmọ ṣòfò. Ọ̀rẹ́ mi ò ní dìgíríì, sátífíkéètì ààbò tí wọ́n ń pè ní CEH ló ní, ó ń jẹun.

*

Ọmọ Pàkátà:

Ó ń jẹun, àdúrà wa ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká tú sátífíkéètì wò, torí owó ńlá ni wọ́n ń fi dọ́gbọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn òbí.

CISSP tí gbogbo ènìyàn ń fi yangàn, ẹ̀kún rẹ́rẹ́ ẹ̀ ń béèrè ọdún márùn-ún nídìí iṣẹ́. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: dìgíríì ló máa ń yọ ọdún kan kúrò nínú ẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdìrì ò ní nǹkan kan ṣe níbẹ̀. CEH tí ọ̀rẹ́ yín ní, ìdánwò rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jẹ́ ìbéèrè 125, ẹ máa mú ìdáhùn láàárín A sí D. OSCP yàtọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ odindi ọ̀sán àti òru lẹ́ ẹ máa fi já ẹ̀rọ tí wọ́n gbé síwájú yín, ẹ ó tún kọ ìròyìn lé e. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó bá ní èyí. Security+ ni mo máa ń sọ fún ọmọ tó ti dé 300 level, ṣùgbọ́n ó ju 400 dọ́là lọ, ẹ fi náírà ṣírò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ fún ọmọ pé kò tó nǹkan.

Kí ó tó dé ibi owó, ohun ọ̀fẹ́ pọ̀. OverTheWire, eré orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń kọ́ èèyàn ní ààbò, wà, ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n fi ń ṣe é, kò sí àwòrán, dátà kékeré ló ń jẹ. picoCTF, ìdíje ààbò ti yunifásítì Carnegie Mellon, wà. Wireshark, tó ń fi ohun tó ń kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì hàn, ò gba kọ́bọ̀. Ọmọ tó bá fi 100 level àti 200 level ṣe àwọn yìí, tó tún ń ka ìwé kíláàsì, sátífíkéètì kan ṣoṣo á tó o nígbà tó bá yá.

Dìgíríì náà ṣì ń ṣílẹ̀kùn tí sátífíkéètì kì í ṣí. Ẹni tí kò bá ní dìgíríì tàbí HND ò ní ṣe àgùnbánirọ̀, ó sì máa ṣòro fún un láti rí másítàsì kà lókè òkun tó bá fẹ́ lọ. Bí ọmọ bá fẹ́ ṣe méjèèjì pọ̀, kí ló ń dùn yín?

*

Ìyá Ọmọge:

Ó ti gbà á lálẹ́ àná. Ó sunkún díẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n bi yín, ṣé ìṣirò pọ̀ níbẹ̀? Fún bàbá ẹ̀, ọ̀rọ̀ ìwé alájọ yẹn wọ̀ ọ́ létí, ṣùgbọ́n ó ṣì ń kùn. Láptọ́ọ̀pù ló kù báyìí. Wọ́n dárúkọ iye kan fún mi ní Challenge, mo padà sílé.

*

Ọmọ Pàkátà:

Ìṣirò wà, kó má sá fún un. Ọgbọ́n tó ń jẹ́ kí owó yín rin orí íntánẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé aládùúgbò kà á, ìṣirò ni. RSA, ọ̀kan nínú ọgbọ́n náà, tí Rivest, Shamir àti Adleman gbé jáde lọ́dún 1977, dúró lórí pé ó rọrùn láti fi nọ́ńbà ńlá kan sọ òmíràn di púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣòro gan-an láti mú àbájáde rẹ̀ kéèyàn wá àwọn nọ́ńbà méjì tó bí i. Bó bá ṣe dáadáa nínú máàtì WAEC, á rí i ṣe.

Láptọ́ọ̀pù: tòkunbọ̀ ti tó, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tà yín ní tuntun. RAM ẹ̀, ìyẹn ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kó má dín sí 8GB, bí agbára bá gbé e kó jẹ́ 16GB, torí ó máa fi ètò VirtualBox kọ́ ẹ̀rọ àfarawé kékeré méjì mẹ́ta sínú rẹ̀, inú ibẹ̀ ni kó ti máa dán ohun tó bá fẹ́ dán wò, kì í ṣe lórí pọ́tà ilé-ìwé. Kó jẹ́ SSD ni ibi tó ń tọ́jú fáìlì sí. Ẹ yẹ bátìrì wò gidi gan-an, ẹ mọ bí iná Tankẹ́ ṣe rí: ẹ ní kí ẹni tó ń tà á yọ ọ́ lára iná, kẹ́ ẹ jókòó níbẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan kẹ́ ẹ wo bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Bó bá ń kánjú lé yín, ẹ dìde.

Bẹ́ ẹ bá gbé e délé, kó tó tẹ páswọ́ọ̀dù kankan sínú rẹ̀, kó pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́, kó fi Windows tàbí Linux tuntun sí i fúnra ẹ̀. Kó má fi Windows ayédèrú tí wọ́n ń pín lórí fláàṣì lọ́jà sí i. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ẹ̀ nìyẹn, kó ṣe é kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì.